Ìlà Ẹ̀gẹ́ Lórí Àpáta Asùnjí

Ẹ sún mọ́ ibí. Ẹni tó bá ní àga, kó jókòó. Ẹni tí kò bá ní, kó tẹ́ nǹkan sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń dúró gbọ́. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí mo ṣe títí irun orí mi fi funfun ni, àti ọ̀rọ̀ àṣìṣe kan tí mo ṣe létí odò kékeré kan ní Ìkẹ́rẹ́, tó kù díẹ̀ kó gba ilé lọ́wọ́ obìnrin tí kò ṣẹ̀ mí rárá. Ẹni tó bá fẹ́ tòògbé, kó tètè tòògbé kí n tó débi tí omi ti kún.

Iṣẹ́ ètò ìlú ni mo ṣe. Àwa ni à ń yẹ àwòrán ilé wò kí onílé tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, àwa ni à ń fi téèpù wọn ilẹ̀, àwa náà la sì ń fi ọ̀dà pupa kọ àmì wíwó, àgbélébùú tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, sára ògiri tí kò bófin mu. Àwọn ará ilé wa kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàrin àwa àti wolé-wolé. Bí àwọn ìyá àgbà bá ti rí wa lókèèrè, ìkòkò omi ni wọ́n ń sáré bò.

"Màmá, ẹ fi ìkòkò sílẹ̀," ni mo máa ń wí. "Ilé la wá wò."

"Ṣé tanwíjí ti wọ inú ògiri náà ni?"

Kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ tiwa sílẹ̀, abẹ́ ìjọba kan náà ni àwa ará Èkìtì àti àwọn ará Ìlàjẹ létí òkun wà. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé èmi ọmọ orí òkè, tí n kò rí omi tó ju odò ìpọnmi lọ rí, etí òkun ni wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ. Orí òpó ni ilé wà níbẹ̀, orí pákó tí wọ́n tẹ́ sórí omi lèèyàn sì ń rìn láti ilé kan dé èkejì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀ lé ọ̀gá mi jáde, n kò tíì rìn dé ilé kẹta tí pákó fi yọ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo já sómi tòun ti fáìlì ìjọba. Ọ̀gá mi dúró lórí pákó, wọ́n wò mí títí.

"Ẹ kú ìwẹ̀ o," ni wọ́n wí. "Ṣé fáìlì náà ti wẹ̀ tán?"

Ọ̀gá Jọ́ọ̀nù ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ọmọ Ìlàjẹ ni wọ́n, èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í gbé ohùn sókè. Àwọn ló kọ́ mi ní òfin ilé kíkọ́ létí omi, kì í sì í ṣe inú ìwé ni wọ́n ti kọ́ mi. Bí ẹnìkan bá fẹ́ kọ́ ilé, ọ̀gá mi kì í kọ́kọ́ tú téèpù. Ara òpó ilé àtijọ́ tó wà nítòsí ni wọ́n máa lọ fọwọ́ pa, títí wọ́n á fi rí ibi tí àwọ̀ igi ti yí padà, tí òkè mọ́, tí ìsàlẹ̀ dúdú.

"Má béèrè ibi tí omi wà lónìí," ni wọ́n máa ń sọ fún mi. "Béèrè ibi tó ti sùn rí. Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n."

Òfin wọn kò pọ̀. Pèpéle ilé gbọ́dọ̀ ga ju ìlà dúdú yẹn lọ ní ìgbọ̀nwọ́ kan, ó kéré tán. Ilé ẹnìkan kò gbọdọ̀ di ọ̀nà tí omi ń gbà kọjá lẹ́yìnkùlé ẹnìkejì. Ẹ̀kẹta sì ni pé ìyá tó dàgbà jù ládùúgbò ni kí a bi léèrè, kì í ṣe onílé. "Onílé á purọ́ kó lè rí ìwé àṣẹ gbà," ni wọ́n wí. "Ìyá àgbà kò ní ilé tó fẹ́ kọ́ mọ́. Kí ló fẹ́ fi irọ́ ṣe?"

Mo lo ọdún mélòó kan lábẹ́ wọn. Mo mọ gbogbo ẹ̀kọ́ yìí lórí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun ló mú kí ìtìjú ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà pọ̀.

Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, wọ́n ní kí oníkálukú padà sílé bàbá rẹ̀. A kó ẹrù, a kó fáìlì, a ń kọrin lójú ọ̀nà. Ọ́fíìsì tí wọ́n fún wa ní Ìkẹ́rẹ́ ní tábìlì kan fún èèyàn mẹ́rin; ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń jókòó, àwọn tó kù á máa kọ̀wé lórí fèrèsé. Ṣùgbọ́n inú wa dùn. Àwọn ọmọ Èkìtì tó wà nílé tó wà lóko ló ń fẹ́ kọ́lé nígbà náà. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé àwòrán ilé wá, tí òmíràn sì jẹ́ pé ẹ̀yìn ìwé kàlẹ́ńdà ni wọ́n yà á sí.

Òfin tiwa náà wà lórí odò. Ilé gbọ́dọ̀ fi iye ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀ láti etí omi. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, mo fojú kéré òfin yẹn. Èmi tí mo ti rí òkun tó gbé ilé odidi lọ, tí mo ti wọn omi tí ń gbé ọkọ̀, kí ni odò tí ewúrẹ́ ń fò kọjá fẹ́ ṣe fún mi?

Odò Asùnjí nirú odò bẹ́ẹ̀. Láàrin àwọn òkè olókùúta ló ti ń ṣàn wá, ó gba ẹ̀gbẹ́ àpáta tẹ́ẹ́rẹ́ kan kọjá lẹ́yìn àdúgbò kan ní Ìkẹ́rẹ́, kó tó wọ inú oko lọ. Létí rẹ̀ ni Màmá Tíṣà ti gba ilẹ̀.

Màmá Tíṣà jẹ́ opó tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti fi gbogbo ayé wọn kọ́ ọmọ. Ìjọba gbé wọn lọ Ìsẹ̀, ó gbé wọn lọ Ẹmùré, ó gbé wọn dé Òmùò, ó tún dá wọn padà sí Ìkẹ́rẹ́, kò sì síbi tí wọ́n dé tí kì í ṣe ilé onílé ni wọ́n ń gbé. Wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí wọn pé àwọn kò tíì kan ìṣó mọ́ ògiri rí láìkọ́kọ́ tọrọ àyè.

"Ọ̀gbẹ́ni Ìsípẹ́kítọ̀," ni wọ́n wí, "mo fẹ́ ògiri tí mo lè kan ìṣó mọ́ bó bá ṣe wù mí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ọ̀rọ̀ náà kán wọn lójú. Onílé tí wọ́n ń gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti ní ọmọ òun ń bọ̀ wálé láti Ìbàdàn, pé kí wọ́n kó jáde kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó dá. Wọn kò ní ibòmíràn.

Àárín ọyẹ́ ni mo lọ wọn ilẹ̀ náà. Ètè gbogbo èèyàn ti là. Asùnjí ti fúnra rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ kòtò, bí okùn tí ẹnìkan jù sílẹ̀. Mo fi orí téèpù lé etí omi, mo ní kí bíríkìlà Màmá Tíṣà, ọ̀dọ́kùnrin kan tí ń jẹ́ Délé, máa fà á lọ. Lórí àpáta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àwọn obìnrin àdúgbò ń sá ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe láfún. Ọ̀kan nínú wọn nàró, ó fọwọ́ ti ìbàdí. Yèyé Ìbídùn nìyẹn, ẹni tó dàgbà jù nínú ìdílé tó ni ilẹ̀ náà.

"Kí lò ń wọ̀n níbẹ̀ yẹn, ọmọ mi?"

"Odò ni, Yèyé. Mo ń wọn àyè tí ilé máa fi sílẹ̀ fún un."

Wọ́n wo ìsàlẹ̀, wọ́n tún wò mí. "Odò wo? Asùnjí kò sí ńúlé."

"Kò sí nílé báwo? Kì í ṣe òun nìyí?"

"Ibùsùn rẹ̀ nìyẹn. Òun alára rìnrìn àjò. Ṣé bí onílé kò bá sí ńúlé ni àlejò í máa pín yàrá rẹ̀?"

Àwọn obìnrin tó kù bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Yèyé, etí òkun ni mo ti ń bọ̀ yìí o. Omi tí ń dojú ọkọ̀ dé ni mo ti wọ̀n."

"Òkun a máa wà ńúlé nígbà gbogbo," ni Yèyé wí. "Ìyẹn rọrùn láti bá." Wọ́n sì tẹrí ba mọ́ ẹ̀gẹ́ wọn.

Nǹkan kan wà tí mo rí lọ́jọ́ yẹn tó yẹ kó dá mi dúró. Àpáta náà tẹ́jú láti òkè títí dé ẹ̀bá omi. Ìsàlẹ̀ ló fẹ̀ jù, ibẹ̀ náà ni oòrùn ń dé jù. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn obìnrin náà há ara wọn mọ́ òkè, tí ẹ̀gẹ́ ẹnìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ gun ti ẹnìkejì, wọn kò sì sá ẹyọ kan sísàlẹ̀. Òkè àpáta náà ti funfun nítorí omi ẹ̀gẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún. Ìsàlẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo ṣàkíyèsí rẹ̀. Mo tilẹ̀ bi Màmá Tíṣà.

"Àṣà wọn ni," ni wọ́n dáhùn. "Wọ́n ní àwọn ìyá àwọn kò sá a síbẹ̀."

Mo ní àṣà obìnrin ni. Mo rò pé bóyá iná ni wọ́n dá sísàlẹ̀ nígbà kan tó fi dúdú. Ìwọ̀n téèpù mi pé gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí, ó tiẹ̀ lé díẹ̀. Mo jókòó sórí òkúta kan, mo ṣí fáìlì, mo fi bírò kọ ọ́ pé: Kò sí ewu omi. Mo fọwọ́ sí i.

Ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Ojoojúmọ́ ni Màmá Tíṣà ń wá tòun ti agbòòrùn wọn, wọ́n á fi ìka kan bùlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń kan orí ọmọ tí kò gbọ́ ìṣirò. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wọn ni Délé bíríkìlà nígbà kan, ìbẹ̀rù àtijọ́ kò sì tíì kúrò lára rẹ̀. Bí wọ́n bá ti dé, kò ní jókòó mọ́. Kó tó di pé òjò bẹ̀rẹ̀, ògiri ti dé orí fèrèsé. Páànù ti wà nílẹ̀ nínú ilé tí wọ́n ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn. Wọ́n ní bí àwọn bá jí lóru, àwọn a máa fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ tí òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀, Ẹmùré ni mo wà. Òjò náà dá wa dúró ní gáréèjì. Nígbà tó dá, tí takisí wa gba Ìsẹ̀ padà dé Ìkẹ́rẹ́, mo gbójú sókè wo àwọn òkè. Omi ń ya kúrò lára òkúta níhà gbogbo, ó ń ṣe funfun bí ìfófòó ọṣẹ. Ìgbà yẹn ni mo rántí ohun tí ọmọdé gbogbo mọ̀ nílé wa: òkúta kì í mu omi. Ohun tó bá rọ̀ sórí òkè, odò ló ń gbà á.

Mo gun ọ̀kadà lọ tààrà. Kí n tó dé ẹ̀yìn àdúgbò náà ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Odò tí ewúrẹ́ ń fò ti di omi pupa tó fẹ̀ bí ọ̀nà mọ́tò. Ó gba ẹnu ọ̀nà pálọ̀ Màmá Tíṣà wọlé, ó gba ti ilé ìdáná jáde, bí àlejò tó mọ ojú ilé. Délé àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lórí àpáta, ọkọ́ wà lọ́wọ́ wọn, kò sóhun tí wọ́n lè fi í ṣe. Iyanrìn ti lọ. Síméǹtì ti di ẹrẹ̀ nínú àpò. Màmá Tíṣà dúró lábẹ́ agbòòrùn, bẹ́ẹ̀ òjò ti dá.

Mo wo àpáta. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìsàlẹ̀ dúdú yẹn ló wà lábẹ́ omi. Ìgbọ̀nwọ́ kan báyìí ló kù kí omi fi kan ibi funfun. Ìlà náà gan-an ni. Ìlà tí Ọ̀gá Jọ́ọ̀nù ń fọwọ́ pa lára òpó ni àwọn obìnrin wọ̀nyí fi ẹ̀gẹ́ fà sórí òkúta, tí mo rí i lójú oòrùn, tí mo sì pè é ní àṣà.

Yèyé Ìbídùn wà níbẹ̀. Wọn kò bú mi. Wọ́n kàn ní, "Asùnjí ti dé. Ṣé o kò ní kí i kú àbọ̀?"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, omi ti fà. Mo gbọ́ tí Màmá Tíṣà ń sọ fún Délé pé kí wọ́n kó ẹrẹ̀ kúrò, pé iṣẹ́ yóò tẹ̀ síwájú lọ́la. Mo gbọ́ ọ, mo sì lọ sílé láìsọ nǹkan kan. Bí mo bá ń ka àwọn ohun tí mo kábàámọ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọjọ́ yẹn ṣáájú ìwọ̀n téèpù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá ọ̀gá àgbà wa ní ọ́fíìsì. Èèyàn búburú kọ́ ni wọ́n. Fáìlì ló pọ̀ lórí wọn ju èrò lọ.

"Ṣé o wọ̀n ọ́n?" ni wọ́n bi mí.

"Mo wọ̀n ọ́n, sà."

"Ṣé ó pé iye tí òfin wí?"

"Ó pé, sà."

"Ìwé rẹ mọ́ nìyẹn. Òfin kò ní kó o wọn òjò." Wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn. "Tó o bá fọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé o ṣàṣìṣe, ìwọ lo kọ ìwé ẹ̀sùn ara rẹ. Ìgbéga rẹ sì wà lójú ọ̀nà. Ṣé o gbọ́?"

Mo gbọ́. Mo jáde, mo gbé garawa ọ̀dà pupa àti búrọ́ọ̀ṣì. Mo fẹsẹ̀ rìn dé etí Asùnjí kí n lè rí àyè ronú, ṣùgbọ́n mo dé ibẹ̀ láìtíì ronú kan ohunkóhun. Màmá Tíṣà jókòó lórí péèlì tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Délé ti ń po síméǹtì tuntun.

"Màmá," ni mo wí, "ilé yìí kò gbọdọ̀ ga ju bó ṣe wà yìí lọ."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ta ló ní kí n kọ́ ọ?"

"Èmi náà ni, Màmá."

Délé rọra gbé ọkọ́ ọwọ́ rẹ̀ lélẹ̀. Màmá Tíṣà kọjú sókè àpáta, níbi tí Yèyé Ìbídùn ti ń gbá ẹrẹ̀. "Yèyé, òjò àná yẹn, ṣé òjò ńlá ni?"

"Ìkíni lásán ni," ni Yèyé dáhùn. "Asùnjí kò tíì jókòó."

Ẹ̀rù bà mí láti wo ojú Màmá Tíṣà. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀, ohùn kíláàsì ni wọ́n fi sọ ọ́. "Kí lo kọ sínú ìwé rẹ lọ́jọ́ yẹn? Kà á sókè."

Mo ṣí fáìlì. "Kò sí ewu omi."

"Ó kùnà. Délé, ọmọ tó bá kùnà, kí ni mo máa ń ní kó ṣe?"

"Kọrẹ́kṣàn ni, Màmá."

"Ṣé ó máa ń fi rọ́bà pa tàtijọ́ rẹ́?"

"Rárá, Màmá. Abẹ́ rẹ̀ ló máa kọ ọ́ sí, kí gbogbo ayé lè rí méjèèjì."

"O gbọ́?" ni wọ́n bi mí.

Mo jókòó sórí òkúta tí mo jókòó sí nígbà àkọ́kọ́, mo kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi: Ewu omi wà. Ìgbà ọyẹ́ ni mo wọ̀n ọ́n. Àṣìṣe mi ni. Mo tún fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà mo dìde, mo ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, mo kọ àmì pupa sára ògiri tí mo fọwọ́ mi gbà láyè. Ọ̀dà ń kán sí bàtà mi. Ìgbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Màmá Tíṣà ti yí ojú wọn sápá kejì, wọ́n ń fi etí gèlè nu ojú. Ẹkún ni wọ́n ń fi gbogbo ohùn kíláàsì yẹn bò mọ́lẹ̀.

Yèyé Ìbídùn ló kó wa lọ sọ́dọ̀ àbúrò wọn, Bàbá Ọjọ́, olórí ẹbí tó ta ilẹ̀ náà. Bàbá Ọjọ́ gbọ́ ẹjọ́ tán, wọ́n ní, "Ilẹ̀ ni mo tà. Ẹni tó bá rí omi nínú ilẹ̀ tirẹ̀, kó pọn ọ́n."

Yèyé ní, "Ìsàlẹ̀ yẹn, kókò ni bàbá wa í gbìn síbẹ̀. Ìgbà wo ló di ilẹ̀ ulé?"

"Ìgbà tí ìjọba fọwọ́ sí i!" Bàbá Ọjọ́ na ọwọ́ sí mi. "Òun nìyẹn. Ṣé kì í ṣe òun ló fi okùn wọ̀n ọ́n?"

Gbogbo ojú bọ́ sára mi. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ìjọba ṣàṣìṣe. Èmi ni ìjọba náà."

Bàbá Ọjọ́ tẹ̀ síwájú lórí àga wọn, wọ́n ń wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìjọba tó ní òun ṣàṣìṣe," ni wọ́n wí. "Ẹ jẹ́ n wò ó dáadáa. N kò rí irú rẹ̀ rí, n kò sì mọ̀ bóyá n óò tún rí i." Ẹ̀rín gbà wọ́n, ó gba ilé. Ibi tí ẹ̀rín wọlé, ìbínú kì í rí àyè jókòó. Kí a tó kúrò níbẹ̀, wọ́n ti ní kí Màmá Tíṣà fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún kókò, kí wọ́n gba ilẹ̀ mìíràn lókè ìlà ẹ̀gẹ́, lẹ́yìn igi obì.

"Ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ gé igi obì mi," ni Bàbá Ọjọ́ wí. "Bí ilé bá fẹ́ wó o, kí ilé yà."

Délé àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tú ògiri náà pẹ̀lú sùúrù. Bùlọ́ọ̀kù tí kò fọ́, a rù ú gòkè. Àwọn obìnrin ẹ̀gẹ́ ká òṣùká, wọ́n wá ràn wá lọ́wọ́. Èmi náà rù ú, tòun ti táì lọ́rùn, wọ́n sì fi mí ṣe orin:

"Ẹ wá wòjọba, ó ń ru bùlọ́ọ̀kù! Ìjọba, rọra, má jẹ̀ẹ́ kó já o!"

N kò lè fọ́nnu pé Màmá Tíṣà kò jìyà. Òjò ọdún yẹn bá wọn ní yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n to páànù ti ògiri, tí àpótí wọn wà lábẹ́ tapólì. Wọ́n wọ ilé wọn nígbà ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e, láìtíì rẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó wọlé, wọ́n fún mi ní ìṣó kan àti òòlù. "Kàn án síbi tó bá wù ọ́," ni wọ́n wí. Mo kàn án mọ́ ògiri pálọ̀. Àwòrán ọkọ wọn ni wọ́n gbé kọ́ sí i. Ìgbéga mi kò dé lọ́dún yẹn, kò sì dé lọ́dún kejì.

Ó tó ọdún mélòó kan kí Asùnjí tó jókòó gẹ́gẹ́ bí Yèyé ṣe wí. Òjò ọjọ́ yẹn rọ̀ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Ọ̀gá àgbà wa fúnra wọn wọ bàtà rọ́bà, wọ́n ní kí n mú àwọn lọ wò ó. Omi ti gun ara àpáta títí ó fi kan ibi funfun, ibẹ̀ ló sì dúró. Nísàlẹ̀, níbi tí ìpìlẹ̀ àkọ́kọ́ wà, omi jìn débi tí fèrèsé ìbá wà. Màmá Tíṣà jókòó sí fàráńdà wọn, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn, ẹsẹ̀ wọn gbẹ. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí wa.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ìjọba. Ẹ wọlé, ẹ má dúró sínú òjò."

Ọ̀gá àgbà wo ìsàlẹ̀ títí. Nígbà tí a padà dé ọ́fíìsì, wọ́n ní, "Mú fáìlì yẹn wá." Wọ́n kọ ọ́ pé a kò gbọdọ̀ wọn odò kankan nígbà ọyẹ́ mọ́, àti pé láti ìlà tí omi gùn dé ni a óò máa wọ̀n, kì í ṣe láti etí omi. Láti ìgbà náà, kí n tó tú téèpù níbikíbi, mo ń wá ẹni tó mọ ìlà. Ní Ìsẹ̀, àwọn obìnrin tí ń fọ epo létí odò ló fi hàn mí. Ní Ẹmùré, ẹlẹ́mu kan ló mú mi lọ síbi tí ẹrẹ̀ àtijọ́ ti gbẹ mọ́ ara ọ̀pẹ. Ọ̀dà funfun la fi sàmì síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bẹ̀rù rẹ̀.

Gbogbo ìyẹn ti di ìtàn báyìí. Màmá Tíṣà ti lọ sinmi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn tó jẹ́ tíṣà ló jogún ilé, igi obì sì wà níwájú rẹ̀ títí di òní. Ìpìlẹ̀ ìsàlẹ̀ yẹn bọ́ sọ́wọ́ ọmọ Bàbá Ọjọ́. Kókò ló gbìn síbẹ̀, ó sì máa ń sọ fún àlejò pé kókò òun nìkan ní Ìkẹ́rẹ́ ló ní pálọ̀, yàrá méjì àti ilé ìdáná. Téèpù mi wà lọ́wọ́ arábìnrin tó gba ipò mi. Mo ti kọ́ ọ kó máa wá ìyá àgbà kó tó tú u.

Yèyé Ìbídùn ló kọ́kọ́ lọ nínú wọn. Obìnrin kọ̀ọ̀kan ní ìpín tirẹ̀ lórí àpáta yẹn, ọmọ sì ń jogún rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá. Nígbà tí wọ́n ń pín ohun tí Yèyé fi sílẹ̀, ọmọbìnrin wọn wá kàn mí nílé. Ó ní Yèyé wí pé kí wọ́n fún mi níwọ̀nba etí ìpín àwọn, nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí funfun ti parí. Èmi tí n kò ní ẹ̀gẹ́ kan lóko.

Ìyàwó mi ló ń sá ẹ̀gẹ́ síbẹ̀ nísinsìnyí. Bí àwọn obìnrin bá pọ̀ lórí àpáta, tí àyè há, ó máa ń wo ìsàlẹ̀ dúdú tó fẹ̀ tó sì gba oòrùn yẹn. Ó kàn máa ń wò ó ni. Kò sá ẹyọ kan síbẹ̀ rí.